Wọ́n ta Egbin, wọ́n kọ́ Imọta: ibo gan-an ni ìjọba dúró sí nínú ọjà wa?

Tẹ́ẹ bá wọ mọ́tò ní Sábó Ìkòròdú níbí tẹ́ẹ ní Ìjẹ̀dé lẹ̀ ń lọ, ẹ ó bá ọ̀nà lọ títí dé etí ọ̀sà níbi tí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin wà. Tẹ́ẹ bá padà sí Sábó, tẹ́ẹ wọ èyí tó ń gba ọ̀nà Itoikin, ẹ ó dé Imọta níbi tí iléeṣẹ́ ìrẹsì ńlá ìpínlẹ̀ Èkó wà. Agbègbè Ìkòròdú kan náà ni méjèèjì wà. Ìjọba àpapọ̀ ló fi owó gbogbo wa kọ́ Egbin, nígbà tó di 2013 wọ́n tà á, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò wá máa ṣe é. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá sígbà yẹn, oṣù kìíní 2023, ni Ààrẹ Buhari wá ṣí ilé ìrẹsì Imọta, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi owó ìlú kọ́.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé èwo ni ká wá gbà gbọ́, ṣé kí ìjọba máa ṣòwò ni àbí kó má ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìjọba ò fìgbà kankan jáde nínú ọjà rí, ibi tó ń dúró sí ló máa ń yí, ìgbà tí wàhálà ńlá bá sì bẹ́ sílẹ̀ ló máa ń yí i. Èyí tó kan èmi àti ẹ̀yin níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tó bá yí ìdúró, ta ló máa gbé gbèsè ibẹ̀, ta ló sì máa kó èrè lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí kòkó, torí ibẹ̀ làwọn bàbá wa ti kọ́kọ́ fojú rí i. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929, owó kòkó já lulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níbí, àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó tó ń rà á ń fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí iye tí wọ́n máa san, àgbẹ̀ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nígbà tí ogun Hitler wá dé ní 1939, ọkọ̀ ojú omi ò rọ́nà gbé ẹrù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ní òun lòun á máa ra gbogbo kòkó. Wàhálà ogun ló gbé ìjọba wọ òwò kòkó nìyẹn. Ogun parí ní 1945, ìjọba ò jáde o, ọdún 1947 ni wọ́n sọ ọ́ di Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù tòótọ́, nígbà tó sì di 1954 wọ́n pín in fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ti ìwọ̀-oòrùn bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìbàdàn. Àwa ará Ìkòròdú náà wà lábẹ́ ìwọ̀-oòrùn nígbà yẹn, ọdún 1967 la ṣẹ̀ṣẹ̀ di ara ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí Bọ́ọ̀dù yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Òun nìkan ló láṣẹ láti ta kòkó sókè òkun. Òun ló máa dá iye tó fẹ́ san fún àgbẹ̀, yóò tà á ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó bá ṣẹ́kù láàárín á wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n ní owó náà wà fún ni pé tí ọjà bá já lọ́la, kí wọ́n fi gbé àgbẹ̀ dìde. Àmọ́ nígbà tí owó náà ti pọ̀, iṣẹ́ míì ni wọ́n ń fi ṣe. Iléèwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, owó kòkó wà níbẹ̀. Ilé Kòkó Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1965, orúkọ ẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé iléèwé yẹn dáa, òun ló sọ ìyá mi di ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ tó mọ̀ ọ́n kà, mo sì ń jẹ èrè ẹ̀ títí di àárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló san án, wọ́n sì ti yọ ọ́ nínú owó ẹ̀ kó tó délé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí màá tún padà síbẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan o. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀, lẹ́yìn ogun kan náà, gba gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ní 1947, ó gba rélùwéè ní 1948, ọdún yẹn náà ló sọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn di ti ìjọba. Àwọn aráàlú wọn gbà bẹ́ẹ̀ torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìyà jáde ni, wọn ò fẹ́ padà síbi tí wọ́n wà ṣáájú ogun. Nígbà tó di ọdún 1979 tí Thatcher di olórí ìjọba wọn, lẹ́yìn tí ọjà ti gbówó lórí fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tiwa wá yàtọ̀ díẹ̀ torí owó epo. Ogun abẹ́lé parí ní 1970, nígbà tó di 1973 àwọn Lárúbáwá dí epo mọ́ Amẹ́ríkà, owó epo rọ̀bì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀, owó wá ń rọ́ wọ ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. NEPA ti dé ní 1972, òfin tó ní kí àwọn àjèjì ta ìpín iléeṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà dé lọ́dún kan náà, NNPC dé ní 1977. Ìjọba ń ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń ní báńkì, ó ń ní sìmẹ́ǹtì, ó bá òyìnbó dá iléeṣẹ́ tó ń to mọ́tò jọ. Èrò ìgbà náà ni pé ìjọba nìkan ló lówó tó lè ṣe nǹkan ńlá.

Inú èrò yẹn ni Egbin ti jáde. Ọdún 1985 ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 220 mẹgawáàtì, àpapọ̀ 1,320. Gáàsì ló ń jẹ. Láàárín àwọn iléeṣẹ́ iná tó wà ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó máa ka mẹ́ta tó tóbi jù kó má ka Egbin mọ́ ọn.

Àmọ́ kí wọ́n tó parí ẹ̀ ni epo ti já. Shagari ti ṣe òfin pé kí ìlú dín ìnáwó kù ní 1982, ológun gbàjọba ní ìparí 1983. Ìyá mi máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń tò lórí ìlà fún mílìkì àti ṣúgà àti ọṣẹ ní 1984, ẹsẹ́ńkò ni wọ́n ń pè é, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń pín ọjà, tó o bá sì ti dé pẹ́ o ò ní bá a. Ní 1986 owó epo já tó fi wọ dọ́là mẹ́wàá lórí àgbá kan, gbèsè òkè òkun sì ti wọ ìlú lọ́rùn. Wọ́n ti ní kí aráàlú sọ tẹnu wọn lọ́dún tó ṣáájú lórí owó IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, aráàlú ní àwọn ò fẹ́, ìjọba Babangida ò gba owó náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mú ìmọ̀ràn inú ẹ̀ ṣe, ìyẹn ni SAP. Wọ́n já náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1986, wọ́n tú Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ká lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tó di 1988 òfin dé pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Ṣẹ́ẹ rí i? Wàhálà kan gbé e wọlé, òmíràn ń tì í jáde. Aráàlú ò sí nínú yàrá tí wọ́n ti pinnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Láti 1988 lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ́ gbogbo wa ni pé kí ìjọba yẹra, ọjà á tún ara ẹ̀ ṣe. Ó wá di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2008, báńkì Lehman Brothers dojú dé ní New York, Amẹ́ríkà tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yẹn fọwọ́ sí bílíọ̀nù 700 dọ́là láti fi gba báńkì sílẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ìjọba wọn di ẹni tó ni ìpín tó pọ̀ jù nínú General Motors. Tiwa dé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó tún yọ mẹ́ta sí i ní oṣù kẹwàá, owó tí wọ́n rọ́ sínú àwọn báńkì náà jẹ́ bílíọ̀nù 620 náírà. Ọdún 2010 ni wọ́n dá AMCON sílẹ̀ kó lọ ra àwọn gbèsè tí kò ṣeé gbà mọ́ lọ́wọ́ báńkì. Ẹni tó fowó pamọ́ sí báńkì ò pàdánù, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí owó àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí àwọn ńláńlá jẹ ti di ti ìjọba, AMCON ṣì ń lé wọn kiri títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wá fi èyí wé e. Nígbà tí Kòrónà dá bàálù dúró ní 2020, ìjọba Jámánì gba iléeṣẹ́ bàálù Lufthansa sílẹ̀, wọn ò sì fi ọwọ́ lásán ṣe é, wọ́n gba ìpín 20% nínú ẹ̀ ní nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù Yúrò. Nígbà tí ọjà padà bọ̀ sípò, wọ́n ta gbogbo ìpín yẹn, wọ́n sì parí ẹ̀ ní 2022, èrè tó wọlé fún aráàlú wọn lé ní 700 mílíọ̀nù Yúrò. Wọ́n wọlé, wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n jáde, wọ́n sọ iye tó kù lọ́wọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn inú mi ò dùn, ó dùn mí ni, torí mo mọ̀ pé kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀, ìwé kíkọ dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Egbin. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013 ni wọ́n gbé àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n gé lára NEPA, tó ti di PHCN ní 2005, fún àwọn tó rà wọ́n. Ẹgbẹ́ tí kọ́ńpìnnì Sahara ti ilẹ̀ wa àti KEPCO, iléeṣẹ́ iná Kòríà, jọ wà nínú ẹ̀ ló gba Egbin. Ìdí tí wọ́n fi tà wọ́n ò ṣòro yé èèyàn: ìjọba ò rówó tún nǹkan ṣe, iná ò tó, òṣìṣẹ́ ò rówó gbà déédéé. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ìjọba ti bọ́ ẹrù yẹn sílẹ̀ nìyẹn.

Kò bọ́ ọ sílẹ̀. Wáyà ńlá tó ń gbé iná káàkiri ilẹ̀ yìí ṣì jẹ́ ti ìjọba. Ìpín 40% nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa nílé ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí wọ́n tà wọ́n. Àjọ ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n máa tà á, torí wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kí aráàlú san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlú ò ní rọgbọ. Iye tí wọ́n ń tà á kò wá tó iye tí wọ́n fi ń ṣe é, àlàfo yẹn ló di gbèsè, gbèsè náà sì ń padà sọ́dọ̀ ìjọba. Báńkì àpapọ̀ gbé bílíọ̀nù 213 náírà kalẹ̀ ní 2014 láti fi mú ọjà iná dúró, ọdún 2017 wọ́n tún fọwọ́ sí bílíọ̀nù 701. Nígbà tó fi máa di 2025, owó tí àwọn tó ń ṣe iná ní àwọn ń retí ti wọ tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà, ìjọba sì gbà láti yá owó ní iye yẹn láti fi san án. Èmi àti ẹ̀yin la máa san owó tí wọ́n yá yẹn, bí a bá ní mítà bí a ò ní, bí iná wà ní àdúgbò wa bí kò sí.

Ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n wá yọ ọwọ́ nínú apá kan, àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n ń fún níná jù, kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà bọ́ sí 225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan, wọ́n ní wọ́n á máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń yọ fíríìjì kúrò lára iná lálẹ́ torí ìyẹn.

Ó yẹ kí n dáhùn ìbéèrè kan níbí torí gbogbo ọmọ Ìkòròdú ló ń bi í: kí ló dé tí Egbin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí àwa wà lókùnkùn? Iná tí Egbin bá ṣe kì í yà sílé wa. Orí wáyà 330kV ló ń gùn, tó sì ń wọ inú agbada ńlá kan tí gbogbo Nàìjíríà jọ ń bù, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó tó di pé ó padà wá sí transformer àdúgbò. Tí transformer yẹn bá bàjẹ́, tí a bá gbé Egbin mẹ́wàá sí Ìjẹ̀dé, òkùnkùn la máa wà. Òfin iná 2023 ti wá gba ìpínlẹ̀ láyè kí wọ́n máa bójú tó iná tiwọn, Èkó sì ti ṣe òfin tiẹ̀, nítorí náà Alausa la máa máa lọ béèrè lọ́wọ́ wọn láti ìsinsìnyí, Abuja nìkan kọ́ mọ́.

Ìrẹsì wá ńkọ́? Ìjọba ti ń wọ inú ìkòkò ìrẹsì wa tipẹ́. Ní 2015 tí epo tún já, dọ́là wọ́n, báńkì àpapọ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ kó ìrẹsì wọlé ò ní rí dọ́là rà lọ́dọ̀ òun mọ́, oṣù kọkànlá ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í yá àgbẹ̀ lówó lábẹ́ ètò Anchor Borrowers. Oṣù kejìlá 2016 ni Èkó àti Kebbi gbé LAKE Rice jáde ní 12,000 náírà lórí àpò 50 kílò, ẹni tó wà ní Èkó nígbà yẹn á rántí bí èrò ṣe pọ̀ lórí ìlà. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 2019 wọ́n ti bọ́dà pa, àwọn ará Badagry tó ń jẹun lára Seme ló mọ bó ṣe rí, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i, ṣíṣí yẹn ò sì kan ìrẹsì.

Imọta ló kẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Tọ́ọ̀nù 32 ni ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣe ní wákàtí kan, wọ́n ní ó lè ṣe àpò 50 kílò tó tó mílíọ̀nù 2.8 lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Mílíọ̀nù 2.8 lọ́nà 50 kílò, 140,000 tọ́ọ̀nù ìrẹsì nìyẹn. Ìrẹsì eléèpo tí wọ́n ń kó wọlé, pádì làwọn tó ń ṣe é ń pè é, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ló ń bá èèpo lọ. Kí Imọta tó lè ṣiṣẹ́ ní kíkún, ó gbọ́dọ̀ rí pádì tó lé ní 200,000 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Èkó ò nílẹ̀ tó máa gbin ìyẹn. Àfi kó ti òkè Ọya àti àwọn ìpínlẹ̀ míì wá, lórí títì, pẹ̀lú dísù.

Ibẹ̀ ni 2023 ti wá ká wa mọ́. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ lítà pẹtiróòlù kúrò ní 185 ó di 488 ní Èkó, owó ọkọ̀ láti Sábó sí Mile 12 ò dúró gbọ́ ẹjọ́. Oṣù kẹfà wọ́n já náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 lọ́jà ìjọba kọjá 1,500 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó lọ jìnnà. Ìjọba jáde nínú epo, ó jáde nínú dọ́là. Ohun tó tì í jáde náà ni gbèsè, bíi ti 1986.

Bó ṣe jáde níbẹ̀ ló tún ń wọlé níbòmíì. Nígbà tí àpò ìrẹsì wọ 80,000 ní 2024, Èkó dá ọjà Oúnjẹ Èkó sílẹ̀ ní oṣù kẹta, ọjọ́ Sunday, wọ́n ń yọ 25% lórí ọjà fún aráàlú. Oṣù keje ìjọba àpapọ̀ ní fún 150 ọjọ́, wọn ò ní gba owó ibodè lórí àgbàdo, ẹ̀wà, àlìkámà àti ìrẹsì tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀ àmọ́ tí wọn ò tíì fọ̀ funfun. Ìjọba tó ti bọ́dà ní 2019 kí àgbẹ̀ lè rí ọjà tà, òun náà ló ní kí wọ́n kó o wọlé. Nígbà tó di 2025 owó oúnjẹ wálẹ̀ díẹ̀, àwa tó ń jẹ ẹ́ mí kanlẹ̀, àgbẹ̀ tó ra ajílẹ̀ lówó gọbọi ń sọ pé òun ò rí owó òun padà. Ẹ rántí àgbẹ̀ kòkó tí mo ní ẹ fi sọ́kàn.

Wọn ò dá nìkan ṣe é láyé yìí o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dà bíi pé Nàìjíríà nìkan ló ń yí ìdúró. Oṣù kẹjọ 2025 ni Amẹ́ríkà gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá nínú Intel, kọ́ńpìnnì tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Owó tí ìjọba wọn ti ṣèlérí láti fi ran kọ́ńpìnnì náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n sọ di ìpín. Ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn tí àwa ṣe òfin ká ta tiwa, àwọn ń ra tiwọn.

Èmi fẹ́ràn kí Imọta wà. Mo ti kọjá níwájú ẹ̀ tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ń wù mí kó ṣiṣẹ́, ọmọ àdúgbò ń bẹ tó lè ríṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí kó tó bọ́ sí Èkó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ iye àpò tó ń jáde níbẹ̀ lóṣooṣù, iye tí wọ́n ń ra pádì, àti ẹni tó ń gba ìrẹsì náà ní iye tí iléeṣẹ́ ń tà á kó tó di pé ìyá tó ń fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n ní Sábó rí i rà. Mo sì fẹ́ mọ̀ ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn, tí wọ́n bá máa gbé e fún oníṣòwò kan lọ́la, pé iye wo ni wọ́n máa gbà, ta ni gbèsè ẹ̀ máa dúró sí lọ́rùn, ìpín mélòó ló máa kù fún ìpínlẹ̀. Ní ọdún 2013 a ò béèrè ìkankan nínú wọn lórí Egbin.

Mo ti kọ ìbéèrè wọ̀nyẹn sórí ìwé kan báyìí. Ìgbà tí wọ́n bá tún pe ìpàdé ìlú nípa bọ́jẹ́ẹ̀tì ní agbègbè wa, màá gbé e dání lọ. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Imọta, Agbowa, Ìjẹ̀dé àti Igbogbo, tẹ́ẹ bá ní ìbéèrè tiyín lórí ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n kọ ọ́ mọ́ ọn.